Ẹgàn Tí Ó Di Oko Ìrèké: Ìtàn Ilẹ̀ Kúbà àti Ọwọ́ Àwọn Ènìyàn Wa Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá fetí sí ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè. Ilẹ̀ kan tí òkun yí ká ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n tí òógùn àwọn ẹbí wa ti kán sí títí. Erékùṣù Kúbà ni. Bí a bá gbọ́ Kúbà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni òrìṣà: Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Yemọja, ìlù bàtá, àti orin tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́ ṣì ń fi Yorùbá kọ. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, ṣùgbọ́n a kì í sábà bèèrè nípa ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé lórí tí wọ́n fi ń kọ orin náà. Báwo ni ilẹ̀ ọ̀hún ti rí kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀? Ta ni ó sọ ọ́ di bí ó ti rí lónìí, ọwọ́ ta ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ náà? Mo fẹ́ kí a wo igi àti erùpẹ̀ Kúbà dáadáa, nítorí mo gbà pé ohun tí wọ́n ṣe sí igbó ibẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Kúbà ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù òkun Karíbíà. Ó gùn tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òkè wà níbẹ̀, pàápàá ní ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù, erùpẹ̀ pupa tí ó lọ́ràá sì wà káàkiri agbègbè Havana àti Matanzas. Bartolomé de las Casas, ará Sípéènì tí ó bá àwọn jagunjagun wọ erékùṣù náà tí ó sì padà di agbẹjọ́rò fún àwọn onílẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn lè rin ibẹ̀ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lábẹ́ òjìji igi. Pápá oko wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà a kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ojú ẹni tí ó ti Yúróòpù dé rí: igbó tí kò lópin.

Ibi kan wà tí mo fẹ́ kí a ti ṣọ́ra. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn kò kan ilẹ̀ náà rárá kí Columbus tó rí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 1492. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún tí ènìyàn ti ń gbé Kúbà. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ dé, wọ́n bá àwọn ẹranko ńlá kan tí èékánná wọn gùn, tí ìrìn wọn kò yá, tí irú wọn kò sí níbi kankan láyé mọ́. Ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ẹranko náà parẹ́, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì gbà pé ọdẹ wà lára ohun tí ó pa wọ́n run. Àwọn Taíno, tí wọ́n dé lẹ́yìn àwọn wọ̀nyẹn, jẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń sun ún, wọ́n sì ń kó erùpẹ̀ jọ ní ebè ńláńlá bí ebè iṣu tiwa, kí omi má baà dúró sí ìdí ohun ọ̀gbìn. Ẹ̀gẹ́ ni olórí ohun tí wọ́n ń gbìn sínú ebè náà. Wọn a bó o, wọn a rin ín lára òkúta, wọn a kó o sínú àpò gígùn tí wọ́n hun, wọn a fún omi olóró rẹ̀ jáde, wọn a sì yan án lórí àwo amọ̀ fífẹ̀ títí tí yóò fi di àkàrà pẹlẹbẹ tí ó lè wà fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí rí, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Láti apá ayé wọn ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀dùnkún ti wá bá wa.

Nítorí náà, àwọn Taíno yí ilẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò jẹ ni wọ́n ń gbìn, ibi tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ a tún di igbó. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín ẹni tí ó ṣán igbó kí ọmọ rẹ̀ lè yó àti ẹni tí ó ṣán igbó kí ọjà lè kún ní ìlú tí òun kò ní dé láyé. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ ó máa bá pàdé jálẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọdún 1511 ni Diego Velázquez kó ọmọ ogun Sípéènì wọ Kúbà láti gbà á. Ìwà ipá, iṣẹ́ àṣekú nínú odò tí wọ́n ti ń wa góòlù, àti àìsàn tí ara àwọn onílẹ̀ kò mọ̀ rí, pàápàá ìgbóná tí àwa ń fi ọ̀wọ̀ pè ní olóde, pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Taíno kí ogójì ọdún tó pé. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ lẹ́yìn èyí yani lẹ́nu: níbi púpọ̀, igbó padà wá. Ebè rẹ̀ sílẹ̀, igi hù lé e lórí. Díẹ̀ nínú ohun tí àwọn òyìnbó ìgbà tí ó tẹ̀ lé e rò pé ó jẹ́ ẹgàn àtayébáyé, ibojì oko ni.

Ẹran ọ̀sìn ni àwọn ará Sípéènì kọ́kọ́ fi gba ilẹ̀ náà. Ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù tí wọ́n kó wá bọ́ sínú igbó, wọ́n sì bí sí i láìní darandaran. Bí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ fún àwọn olówó ẹran yẹ ní sísọ, nítorí àpá rẹ̀ kò tíì parẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀ Kúbà. Wọn a yan ojúkò kan, wọn a sì fa ìlà róbótó yí i ká: ìlà ti màlúù jìnnà sí ojúkò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti ẹlẹ́dẹ̀. Ilẹ̀ róbótó kò lè fara kan ara wọn láìní àlàfo láàárín tàbí kí ọ̀kan má gun orí èkejì, nítorí náà ẹjọ́ ààlà kò tán láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ìran. Síbẹ̀, abẹ́ àwọn olówó ẹran wọ̀nyí ni igbó ti wà láàyè jù lọ, nítorí ẹran tí ó ń jẹ̀ kiri kò béèrè pé kí a gé gbogbo igi.

Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi béèrè tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Igi caoba, tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀gánwó tiwa, àti igi cedro kún igbó Kúbà, kòkòrò inú omi òkun kò sì tètè jẹ wọ́n. Ní ọdún 1769, wọ́n parí ọkọ̀ ogun Santísima Trinidad ní Havana, ọkọ̀ tí ó wà lára àwọn tí ó tóbi jù láyé nígbà náà, tí ó sì wà nínú ogun Trafalgar ní ọdún 1805. Nítorí ọkọ̀ bí èyí, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Sípéènì fi òfin de igbó: ẹni tí ó ni ilẹ̀ kò lè gé igi tí ọba bá ti fẹ́. Ogun ni ọba fẹ́ fi igi náà jà, kò sí àánú igi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀; síbẹ̀ òfin yẹn ni odi kan ṣoṣo tí ó wà láàárín igbó àti ìrèké.

Odi náà wó. Ní ọdún 1762 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Havana, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Ẹrú tí wọ́n kó wọlé láàárín àkókò kúkúrú náà fi ojú àwọn olóko mọ ohun tí èrè ìrèké lè jẹ́. Ní ọdún 1791, àwọn ẹrú Saint-Domingue, èyí tí a mọ̀ sí Háítì lónìí, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n sì fi òpin sí oko ìrèké tí ó lówó jù láyé. Ìròyìn tí ó yẹ kí ó da omi tútù sí ọkàn gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìdè ni àwọn olóko Kúbà gbọ́ bí ìpè ọjà. Francisco de Arango y Parreño, agbẹnusọ wọn, ti wà ní ilé ọba ní Sípéènì nígbà náà, ó sì sọ fún ọba pé àsìkò Kúbà ti dé. Wọ́n bá àwọn ọmọ ogun ojú omi fa ọ̀rọ̀ igi títí, títí tí àṣẹ ọba fi jáde ní ọdún 1815 pé kí olúkúlùkù máa ṣe igbó tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Láti ọjọ́ náà, iná kò kú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tí ó mú àdá ni yóò kọ́kọ́ wọlé, wọn a ṣán igi wẹ́wẹ́ àti ìtàkùn kí àyè lè gba àwọn aláàáké. Aláàáké a kọjú sí igi ńlá, igi ńlá a sì wó lé àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́, bí ó bá gbẹ tán wọn a ti iná bọ̀ ọ́. Caoba àti cedro tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ọba a jó mọ́ pàǹtí. Kùkùté kì í jó tán. Láàárín àwọn kùkùté dúdú wọ̀nyẹn ni ẹrú yóò ti fi ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò, tí yóò ki ìgé ìrèké bọ̀ ọ́, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn. Eérú ni ajílẹ̀. Ìrèké ọdún àkọ́kọ́ a sanra ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, òjò a fọ ọ̀rá ilẹ̀ lọ, ìrèké a di tín-ín-rín, olóko a sì yí ojú sí igbó mìíràn. Bí ilẹ̀ bá ti rẹ̀, wọn kò ní sùúrù kí ó sinmi. Ilẹ̀ tuntun rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju ìtọ́jú ilẹ̀ àná lọ.

Ilé ìfúnrèké náà ń jẹ igbó. Omi ìrèké gbọ́dọ̀ hó nínú ìkòkò bàbà ńlá kan sí òmíràn títí tí yóò fi ki, àti ní ìgbà àkọ́kọ́, ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni ó ní iná tirẹ̀. Láti ìparí ọdún títí di nǹkan bí oṣù Karùn-ún ni àkókò ìkórè tí wọ́n ń pè ní zafra, iná kò sì gbọdọ̀ kú lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ fojú inú wo iye igi tí ó ń wọ abẹ́ ìkòkò wọ̀nyẹn. Nígbà tí igi ìdáná jìnnà sí ilé ìfúnrèké, wọ́n kọ́ ọgbọ́n tuntun: iná kan lábẹ́ gbogbo ìkòkò, wọ́n sì ń fi èyí tí ó kù lára ìrèké tí wọ́n ti fún tán dáná. Erékùṣù tí ó kún fún caoba wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra pákó láti Amẹ́ríkà láti fi kan àpótí tí wọ́n ń di ṣúgà sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1837, ojú irin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti Havana dé Bejucal, ó sì dé Güines ní ọdún kejì. Sípéènì fúnra rẹ̀ kò ní ojú irin títí di ọdún 1848. Ẹ wo bí nǹkan ti rí: ilẹ̀ tí ó wà nínú ìdè ní rélùwéè ṣáájú ẹni tí ó dè é, nítorí pé igbó ti jìnnà, oko tuntun sì ti wà ní àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ Matanzas. Nígbà tí ó fi di ọdún 1860, ilé ìfúnrèké ti lé ní 1,300 ní Kúbà.

Ta ni àwọn aláàáké? Ó lé ní 700,000 ènìyàn tí wọ́n kó láti Áfíríkà lọ sí Kúbà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì dé lẹ́yìn ọdún 1790. Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1817 pé òun yóò fòpin sí òwò náà ní 1820. Òwò náà di fàyàwọ́, kò dúró títí di ọdún 1866 sí 1867. Ní àárín àwọn ọdún fàyàwọ́ yìí ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Òwu parun, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa, tí a sì ń ta ara wa ní Èkó, ní Àgbádárìgì àti ní Wídà. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ pé a kì í ṣá igi ìrókò láìtọrọ àyè ni wọ́n fi àáké lé lọ́wọ́ tí wọ́n sì dúró tì pẹ̀lú pàṣán pé kí ó wó igbó. N kò lè ka ìtàn ilẹ̀ Kúbà kí ọkàn mi má dúró lórí èyí. Àwọn tí ó ń sọ pé "kò sí ewé, kò sí òrìṣà" títí di òní olónìí ni wọ́n fi ipá mú láti pa ilé ewé run.

Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀ láìjà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1843, ní oko Triunvirato ní Matanzas, àwọn ẹrú dìde, àwọn obìnrin Lucumí tí orúkọ wọn wọ ìwé, Carlota àti Fermina, sì wà lára àwọn aṣáájú. Àdá tí wọ́n fi ń gé ìrèké ni wọ́n gbé. Wọ́n pa Carlota nínú ìjà náà, wọ́n sì yìnbọn pa Fermina lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn sá lọ sí inú igbó tí ó kù, sí orí òkè, wọ́n tẹ ìlú kékeré dó níbẹ̀, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu lábẹ́ igi kí èéfín wọn má baà hàn. Bí oko ìrèké ti ń gbòòrò ni ibi ìsásí ń dínkù. Gígé igbó jẹ́ títi ilẹ̀kùn mọ́ ẹrú pẹ̀lú.

Nínú igbó náà ni àwọn ènìyàn wa ti wá igi tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ìrókò tiwa kò sí ní Kúbà, ṣùgbọ́n wọ́n bá igi ńlá kan tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní ceiba. Igi náà gan-an ni àwa ń pè ní àràbà. Wọ́n gbé Ìrókò lọ sí ibẹ̀, wọ́n sì ń pe igi náà ní Ìrókò títí di òní. Igi àyàn tí a mọ̀ mọ́ Ṣàngó kò sí níbẹ̀, nítorí náà Ṣàngó gun orí ọ̀pẹ gíga kan tí ara rẹ̀ funfun, èyí tí àrá máa ń sán lù jù nítorí pé òun ni ó ga jù ní pápá. Ewé tí wọn kò rí, wọ́n fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́pò, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fún un ní orúkọ Yorùbá. Iṣẹ́ onímọ̀ ni wọ́n ṣe, nínú oko ẹrú, lóru, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán.

Ìdè ẹrú já ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ti igbó kò já. Nígbà tí Sípéènì kúrò ní ọdún 1898 tí Amẹ́ríkà sì di apá Kúbà mú, igbó ńlá tí ó kù wà ní Camagüey àti ní ìlà oòrùn. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bí United Fruit Company ra ilẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ra aṣọ, wọ́n fi ojú irin là á kọjá, wọ́n sì kó òṣìṣẹ́ wá láti Háítì àti Jàmáíkà. Kúbà ń ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ṣúgà ní àárín àwọn ọdún 1890. Ní ọdún 1925 ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ohun tí àwọn ará Sípéènì fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ní ìwọ̀ oòrùn, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àwọn wọ̀nyí fi ṣe é ní ìlà oòrùn. Nígbà tí ìjọba Fidel Castro gba àkóso ní ọdún 1959, igbó tí ó kù kò ju nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 ilẹ̀ náà lọ. Ìjọba náà gbin igi púpọ̀, igbó sì ti padà dé nǹkan bí ìdá 30, ṣùgbọ́n òun náà ń sin ìrèké: ní ọdún 1970 wọ́n lépa mílíọ̀nù mẹ́wàá tọ́ọ̀nù, ohun gbogbo yòókù dúró nítorí rẹ̀, ọwọ́ wọn kò sì tó o.

Ní ọdún 2002 ni wọ́n ti nǹkan bí ìdajì àwọn ilé ìfúnrèké pa, oko tí ó tóbi ju ohun tí ojú lè ká lọ sì di ahoro. Igbó àtijọ́ kọ́ ni ó padà wá síbẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní marabú, tí ó ń hù ní pápá oko Áfíríkà tí wọ́n sì ti gbé dé Kúbà láti ọgọ́rùn-ún ọdún 1800, ni ó bò ó. Ẹ̀gún rẹ̀ ń lu táyà, gbòǹgbò rẹ̀ ń hù padà bí a bá gé e. Àwọn ará oko wá ń sun ún ní èédú, àti ní oṣù Kínní ọdún 2017, èédú marabú ni ọjà àkọ́kọ́ tí Kúbà tà sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní àádọ́ta. Inú odò kò yàtọ̀. Ẹja àrọ̀, àrọ̀ tí a ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé wa yìí, ni wọ́n kó wọlé ní nǹkan bí ọdún 2000 kí oúnjẹ lè pọ̀. Omíyalé jẹ́ kí ó bọ́ sínú odò, ó sì ń jẹ ẹja àti ẹranko inú omi tí irú wọn kò sí níbòmíràn.

Ẹni tí ó bá gba àárín Matanzas kọjá lónìí yóò rí pápá tí kò ní igi, ìrèké ní apá kan, marabú ní apá kejì, lójijì àràbà kan ṣoṣo a sì yọ ní àárín rẹ̀, gíga, kò sí igi mìíràn nítòsí. Kò ṣèèṣì ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n ń wó igbó ibẹ̀, ọ̀pọ̀ aláàáké, dúdú àti funfun, kọ̀ láti ṣá a, bí wọ́n tilẹ̀ lù wọ́n. Ní ìdí rẹ̀, láàárín gbòǹgbò tí ó yọ síta bí ògiri, a sábà máa ń rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, owó ẹyọ díẹ̀ àti ìyẹ́ adìẹ, tí ẹnì kan gbé síbẹ̀ ní òru àná.